Àsálà Karùn-ún

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mo ti rí yín lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń fọwọ́ bo ẹnu, tí ẹ ń sọ pé Bàbá wọ agbádá láàárọ̀ kùtù, Bàbá ra ìpara, Bàbá gbé àga síta bí ẹni tó ń dúró de ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kò burú. Rábíù ọlọ́kadà ni mò ń dúró dè, òun ló sì ń bí mi nínú. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, á ní òun ti dé ìkóríta. Ìkóríta wo? Ṣé ìkóríta kan wà ní Ọ̀kà yìí tí èèyàn ń dé láti ìdájí tí kò sì tíì kúrò níbẹ̀?

Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń gbé mi lọ sí Ìkàrẹ́ fún yín, kí inú mi má baà bẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn tó dé. Títí mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà nítorí fóònù rẹ̀ ni mo lò, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀. Dàpọ̀, fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀.

Ẹ ti bi mí títí pé kí ló dé tí n kì í gba ènì. Bí mo bá rán yín lọ ra ẹ̀wà, tí alátẹ wọn kóńgò tán, tó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, inú yín á dùn. Bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, tí ẹ ní ènì wà níbẹ̀, èmi á ní kí ẹ dá ènì padà. Ìyá Kẹ́mi tó ń ta gàrí ti bú mi rí lójú gbogbo èèyàn, ó ní ìgbéraga ló ń ṣe mí, pé ta ló ń kọ oore? Kì í ṣe ìgbéraga. Ènì kan ṣoṣo ló ba nǹkan jẹ́ fún mi láti kékeré, n kò sì rí ẹni tí n ó bínú sí. Ìbínú tí kò rí ẹni tó máa bá ló burú jù láyé, ẹ gbọ́ mi. Inú ẹni náà ló ń gbé, á sì máa jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní àṣírí. Ẹ ti fóònù yín pa, ìka ọwọ́ yín nìkan ló lè ṣí i. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ ó sì pa á rẹ́ kí ẹlòmíì tó rí i. Ẹ ó fi àwòrán iná ránṣẹ́, ẹnì kejì á dá àwòrán orí òkú padà, ẹ̀yin méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín, àgbà tó jókòó tì yín ò sì ní mọ̀ bóyá ìròyìn ayọ̀ ni tàbí ti òfò. Ẹ káre. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa ti ṣe gbogbo èyí ṣáájú yín, a ò sì ra dátà.

Ayé ìgbà náà yàtọ̀. Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀pọ̀ ilé lórí òkè yìí ni kò ní iná mànàmáná. Kò sí ẹni tó ń ra ohun ìṣeré fún ọmọ. Ohun tí a bá rí nílẹ̀ la fi ń ṣeré, àṣírí ló sì dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo eré. A máa ń sọ ẹnà. A ó fi ìró kan há àárín ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ kúkúrú á fi gùn gbọọrọ, àgbà á sì máa wò wá bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ sì rántí pé Àkókó la wà, níbi tí ìlú kan kì í gbọ́ èdè ìlú kejì tán tẹ́lẹ̀. Àwa tún wá fi ẹnà kún un. Ìyá mi a máa sọ pé ìyà tí Ọlọ́run fi jẹ wá kò tíì tó wa.

A tún máa ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kọ̀wé. Bó bá gbẹ, ìwé á funfun báláú bí ẹni pé nǹkan kan kò sí lórí rẹ̀. Bí ẹ bá yá a nínú ooru àtùpà, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ ní àwọ̀ tíì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó yá a títí ó fi gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò mọ ohun tí ọmọ yẹn kọ títí ó fi kú. Bí ó bá ti mu ẹmu díẹ̀, á ní, "Àbí ó gbà fún mi ni?" A ó ní kó lọ sùn.

Ààlè ńkọ́? Ẹ̀yin ò tilẹ̀ mọ ààlè mọ́. Bí olóko ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èso rẹ̀, á so àkísà tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ igi náà, ẹni tó bá rí i ti gbọ́ ìkìlọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Lọ́dún kan, àwa ọmọdé fẹ́ dá máńgòrò ẹ̀yìn ilé jẹ, la bá so ìkarahun ìgbín àti ìrù ewúrẹ́ mọ́ ọn. Kò sí àgbà tó sún mọ́ ibẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ abọ̀rìṣà pọ́ńbélé, yí ọ̀nà oko rẹ̀ padà nítorí igi yẹn. Ìgbà tí máńgòrò wá pọ́n, nínú àwa tí a so ó, kò sí ẹni tó gbójúgbóyà láti tú u. Ẹ̀rù ààlè ọwọ́ ara wa bà wá. Máńgòrò jẹrà sórí igi, eṣinṣin ló jẹ ẹ́. Mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n sá lọ. Ọ̀rọ̀ Mojí ni mo fẹ́ sọ.

Ìkàrẹ́ ni ilé bàbá Mojí, tíṣà ni bàbá náà. Ọ̀kà níbí ni ìyá ìyá rẹ̀ wà, ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ wà lókè ilé wa, lẹ́bàá àpáta tí wọ́n ti fọ́ ta báyìí. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, Mojí á dé. Mo máa ń mọ̀ kí n tó rí i. Nígbà ọdún iṣu tuntun, odó máa ń dún káàkiri orí òkè láti àárọ̀, ti ilé yìí á dún, ti ilé ọ̀hún á dá a lóhùn, ẹ óò rò pé òkè fúnra rẹ̀ ló ń mí. Odó ìyá arúgbó yẹn máa ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ nítorí agbára ò sí mọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ tí odó náà dún gbì, gbì, gbì, mo ti mọ̀ pé Mojí ló di ọmọrí odó mú. Kò sí ẹni tó gún iyán bí ẹni ń jà bíi tirẹ̀. Nísinsìnyí ẹ̀rọ ló ń gún iyán yín. Ó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn, kò sì sọ ẹni tó dé.

Bàbá Mojí ò fẹ́ràn ilé wa rárá. Onígbàgbọ́ líle ni, ó sì ní ọmọ òun ò gbọdọ̀ bá ọmọ ilé abọ̀rìṣà ṣeré. Ní Ọ̀kà, ìyá arúgbó kì í ka ìyẹn sí. Á ní ọmọ ni gbogbo wa. Bí Mojí bá ti padà sí Ìkàrẹ́, ó parí. Bí mo bá kọ lẹ́tà sí i, bàbá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kà á. Bí mo bá rán èèyàn sí i lẹ́nu, ẹni náà á sọ ọ́ ní ọjà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wá ronú kan igbá.

Igbá ìbomi ìyá arúgbó ló là sí méjì. Mojí mú ààbọ̀ kan, mo mú ààbọ̀ kejì. A gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀ láti fi mọ ìbẹ̀rẹ̀. A ki ìṣó bọ iná, a sì fi jó àwòrán yí etí igbá ká, ti èmi àti tirẹ̀ rí bákan náà. Bí mo bá fẹ́ ránṣẹ́ sí i, n ó di ọmọ ayò sínú ewé. Ó máa kà á sórí etí igbá láti ibi tí a gé, ọmọ ayò kan sórí àwòrán kan. Àwòrán tí èyí tó kẹ́yìn bá bà lé ni iṣẹ́ tí mo rán. Oòrùn ló ṣáájú: ara mi le. Omijé tẹ̀ lé e: wọ́n nà mí. Ojú tẹ̀ lé ìyẹn: wọ́n ń ṣọ́ mi. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀: wá, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, sí ìdí àpáta ẹ̀yìn ọjà Ìkàrẹ́. Ìkarùn-ún jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì: má wá o.

Bẹ́ẹ̀ ni, Títí, mo rí ojú rẹ. Ta ló ń fi "wá" sí ẹ̀gbẹ́ "má wá"? Ọmọdé ni! Mojí ló yà á bẹ́ẹ̀. Mo ní kí a mú wọn jìnnà síra, ó ní ilẹ̀kùn àti ilẹ̀kùn ni, ibì kan náà ni kí wọ́n máa gbé. Ta ló lè bá a jiyàn?

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló ń gbé iṣẹ́ wa láì mọ ohun tó ń gbé. Ìyá Alásálà là ń pè é, nítorí àsálà sísè ló ń gbé lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Kò sí ẹni tó lawọ́ tó o ní gbogbo ọjà yẹn. Bí èèyàn bá ra àsálà kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, á tún fi òmíràn sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé ìwọ obìnrin yìí, ènì rẹ ju ọjà rẹ lọ. Á ní, "Ẹni tí n ò fún ní ènì, ṣé ó máa padà wá? Bí kò padà wá gan-an, á máa rántí mi." Bí mo bá fún un ní ọmọ ayò nínú ewé pé kó bá mi fún Mojí nígbà tó bá ti ilé-ìwé bọ̀, á kàn jù ú sínú agbọ̀n. Lójú rẹ̀, eré ayò là ń ṣe. Ọmọ ayò kì í ṣe ohun jíjẹ, kò sì sí ẹni tó ń fi ènì sí i. Nítorí náà iṣẹ́ wa ń dé bí a ṣe rán an.

Ìgbà kan wà tí ọmọ ayò dé tó bà lé ilẹ̀kùn títì, tí mo ṣe agídí, tí mo bá Ìyá Alásálà wọ ọkọ̀ lọ. Bàbá Mojí rí èmi àti Mojí níbi tí a dúró sí. Ìwọ̀sí tó fi lọ̀ mí kò dùn mí. Ọmọ rẹ̀ ló dùn mí. Lójú mi níbẹ̀ ló ti nà án, mo dúró, n kò lè ṣe nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé bí ilẹ̀kùn bá tì, ó tì.

Ó wá ku díẹ̀ kí ilé-ìwé gba ìsinmi, òjò ń rọ̀, àsálà pọ̀. Ìjọba gbé bàbá Mojí lọ sí, rárá, kì í ṣe ìjọba, òun fúnra rẹ̀ ló rí iṣẹ́ sí Kàdúná. Ẹ mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń bo ìrìnàjò mọ́lẹ̀ bí ẹni bo ẹyin. Ó ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá sọ ọ́ síta, òun á mọ̀. Wọn ò ní padà mọ́. Mojí fẹ́ kí n wá kí a dágbére. Àwọn ọmọ ayò rẹ̀ ti wà nínú ẹrù tó ti lọ. Kí ló wá ṣe? Ó lọ sí ìdí agbọ̀n Ìyá Alásálà, ó fi kọ́bọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ra àsálà mẹ́rin, ó kó wọn lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fún un ní Ọ̀kà. Ẹ rí i pé ó dé ọwọ́ rẹ̀."

Ó gbọ́n. Ọmọ yẹn gbọ́n gan-an. Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé: ọwọ́ ta ló ti ra àsálà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Alásálà dé, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó kó àsálà fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó rẹ ní kí n kí ọ." Mo sáré wọ ẹ̀yìn ilé, mo gbé igbá mi jáde, mo sì kà á. Oòrùn. Omijé. Ojú. Ilẹ̀kùn ṣí, inú mi dùn, àfi bí mo ṣe wò ó tí ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e lé ilẹ̀kùn títì.

Mo tún un kà. Màrún-ún ni. Mo jókòó sórí òkúta, mo pa àsálà, mo jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìbínú, mo sì mu omi lé e lórí. Ẹ mọ bí àsálà ṣe ń ṣe bí èèyàn bá mu omi lé e. Ẹnu mi korò di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ ọjà dé, mo wà ní oko pẹ̀lú bàbá mi, mò ń tu koríko ìdí ẹ̀gẹ́. Mojí, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wà ní ìdí àpáta. Ó mú ààbọ̀ igbá tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró títí ìyá rẹ̀ fi wá a kàn, tí wọ́n fà á lọ sínú ọkọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti lọ nígbà tí ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lókè, tí odó rẹ̀ kò dún lọ́dún iṣu tuntun yẹn rárá. Èmi náà bínú sí Mojí. Mo ní, ó mọ̀ pé òun ń lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹ wo ìyà! Mo bínú sí i, ó bínú sí mi, àwa méjèèjì ò sì ṣẹ ara wa.

Ọdún gorí ọdún. Mo fẹ́ ìyá àgbà yín, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, a bí bàbá Títí. Lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀, Ìyá Alásálà ti darúgbó, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ń ṣàpèjúwe bó ṣe lawọ́ nígbà tó ń tajà. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ bi ọkọ yín yìí wò. Ọmọ tíṣà kan ní Ìkàrẹ́ ra àsálà mẹ́rin péré pé kí n gbé e fún un. Mẹ́rin! Mo ní ojú á ti ọmọ yìí, wọ́n á ní ahun ni ìyàwó rẹ̀. Mo mú ọ̀kan nínú tèmi, mo fi ṣe ènì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ mọ́. Mo dìde, mo jáde, mo lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Kí ni n bá sọ fún un? Ẹni tó fi inú kan bù kún nǹkan mi, ṣé n ó yọwọ́ ìjà sí i? Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rí i gbangba pé kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi nínú wọn. Ó kú láì mọ̀. Èmi ni mo sanwó pósí rẹ̀, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìkómọ yẹn ni n kò ti lè wo ènì lójú.

Mo wá Mojí. Ta ni n bá bi léèrè? Kàdúná tóbi. Ìyá arúgbó ti kú, ilé rẹ̀ ti wó. Àfi ní àìpẹ́ yìí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ọmọ tíṣà ti padà dé, pé ó sin ọkọ rẹ̀ tán, ó sì ti wà ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ìkàrẹ́! Ibi tí èèyàn ń lọ tó ń bọ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná! Títí bá mi wá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣadé lorúkọ rẹ̀. Mo pè é. Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, ó padà wá, ó ní, "Ẹ má bínú sà. Màmá ní àwọn ò mọ̀ yín."

Mo ní kó tún un sọ. Ó ní, "Bàbá, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Ohun tí Màmá máa ń sọ fún wa láti kékeré ni pé ọmọkùnrin kan ní Ọ̀kà, tí àwọn mú igbá lọ́wọ́ dúró dè ní ìdí àpáta títí wọ́n fi fa àwọn sínú ọkọ̀, ló kọ́ àwọn pé kí àwọn má dúró de èèyàn mọ́."

Ṣé ẹ gbọ́? Ó ti ń fi mí kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù Títí mọ́ ògiri. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ṣadé, ti igbá, ti àsálà, ti ènì àbúrò bàbá mi. Ó ní òun á sọ fún un. Títí tún ní kí n ká ohùn mi sórí fóònù ránṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi gbẹ. Títí wá fi àmì búlúù méjì hàn mí, ó ní ó ti gbọ́ ọ. Ó gbọ́, kò sì dáhùn? Irú àrokò wo nìyẹn? Ṣé àmì búlúù ni pé ó bínú ni, àbí ó ń sunkún, àbí ó ti lọ dáná? Títí ní òun náà ò mọ̀. Àwọn tó ṣe fóònù ò mọ̀. Igbá mi sì mọ̀.

Mo fi fóònù sílẹ̀. Mo lọ sí àjà, mo gbé ààbọ̀ igbá mi sọ̀kalẹ̀. Eku ti jẹ ẹ́ díẹ̀ ní etí kan, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn ṣì wà. Mo ra àsálà. Mo di mẹ́rin sínú ewé, mo pe Rábíù, mo ní kó gbé e fún Màmá ní Ìkàrẹ́. Mo ní, "Rábíù, má fi nǹkan kan kún un." Ó ní, "Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi kún un?" Mo ní, "Má yọ níbẹ̀, má fi kún un, má jẹ níbẹ̀." Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń yí. Ó lọ.

Lánàá, ìgbà tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́, ó padà dé. Ó ní Màmá gba ewé náà, ó tú u, ó wọ yàrá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí, tí nǹkan ń já bọ́. Nígbà tó jáde, ó mú àfọ́ igbá dúdú kan lọ́wọ́, ó ní kí Ṣadé wá àsálà fún òun, ó sì di tirẹ̀ sínú ewé kan náà.

Mo jókòó sórí àga yìí gan-an, mo gbé igbá lé itan, mo kà á. Oòrùn. Omijé. Ojú. Ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ọ̀kan sì kù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ bí n ó ṣe sọ bó ṣe rí fún yín. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ilẹ̀kùn kan náà! Mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọdọ̀ sọ níwájú yín. Mo bú Kàdúná, mo bú àsálà, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ọjà títà. Rábíù ti yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó ti dé ìdí ọsàn ọ̀hún, ló bá dúró, ó sì pariwo: "Bàbá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé! Màmá ní kí n sọ fún yín pé ọ̀kan níbẹ̀, ènì ni o! Wọ́n ní ẹ ó mọ̀!"

Mo mọ̀. Mo mú ìkarùn-ún kúrò, mo sì tún ìyókù kà. Ilẹ̀kùn ṣí. Mojí ò tíì yí padà. Ó fẹ́ kí àyà mi já kó tó ní kí n wọlé. Mo sunkún díẹ̀, kí n má parọ́ fún yín, mo sì rẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi síbẹ̀, nítorí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ lè pa arúgbó.

Ọjọ́ ọjà ni òní. Ìdí agbádá nìyẹn. Títí ní kí n kọ́kọ́ pè é lórí fóònù kí n tó lọ. N kò pè é. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbọ́, ṣé ọ̀kadà kọ́ nìyẹn? Òun ni. Wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àárọ̀. Dàpọ̀, bá mi mú fìlà mi. Títí, kó àsálà tó wà nínú ìkòkò yẹn sínú ewé fún mi, n kò lè lọ lọ́wọ́ òfo. Mélòó? Kó mẹ́rin.

Dúró. Fi ènì sí i.